Yàrá Tí A Dí Nítorí Ọyẹ́

Aberdeen,
1 Oṣù Kejìlá, 2024

Ìyá mi,

Àsàlámù àlàékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Bushrah àbúrò mi, ẹ sì kú ìfaradà mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé òkè òkun ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ yín. Kò gbà mí. Ẹ ní etí yín kò gba ohùn fóònù mọ́, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ, kí ẹ lè rí i kà ní àkàtúnkà. Bí mo bá ti parí èyí, màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí Muslimat, kí wọ́n gbé e fún yín. Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ tiyín sínú ìwé, kí wọ́n máa yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níbí. Ìyá mi, ihò ni mò ń dí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé ibí ti gbó, atẹ́gùn ń gba etí fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òtútù ibí sì lè pa arúgbó mọ́ orí ibùsùn. Àwa là ń lọ láti ilé dé ilé. A ó tan àbẹ́là, a ó máa gbé e yí etí fèrèsé ká, ibi tí iná rẹ̀ bá ti mì, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. A ó lẹ fóòmù mọ́ ọn, a ó kan búrọ́ọ̀ṣì gígùn mọ́ ìdí ilẹ̀kùn. Mo ti mọ iṣẹ́ náà débi pé èmi ni wọ́n ń rán lọ síbi tó bá le.

Ohun tó mú mi sọ èyí ni ọ̀rọ̀ Bushrah. Oṣù yìí ni yóò bímọ. Ọyẹ́ èṣí ló mú ọmọ tó kọ́kọ́ bí lọ, inú yàrá yín náà ló sì wà. N kò sí nílé, ṣùgbọ́n mo mọ fèrèsé onígi yẹn. Nígbà tí a wà ní kékeré, inú àlàfo rẹ̀ ni èmi àti Bushrah ti máa ń wo àwọn tó ń gun òkè Mápó. Ibi tí ojú ọmọdé méjì lè gbà ríran, kí ni eruku ọyẹ́ kò ní gbà wọlé? N kò ní jẹ́ kí ọyẹ́ tún mú ọmọ mìíràn nínú yàrá yẹn.

Emmanuel, ọ̀rẹ́ mi ará Òkè-Àdó, ń bọ̀ wálé wá ṣe Kérésì. Mo di ẹrù kan fún un. Ẹ wá káfíńtà tó mọ iṣẹ́. Ibikíbi tí atẹ́gùn bá lè gbà wọlé, ẹ dí i.

Èmi ọmọ yín,
Misbaudeen

*

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn,
9 Oṣù Kejìlá, 2024

Misbau, Àkàngbé mi,

Wàlékúmù sàlámù. Ara le díẹ̀, kò le díẹ̀, ọpẹ́ ni ká máa dá. Emmanuel gbé ẹrù náà dé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, mo ní kó dìde kó má ba ṣòkòtò funfun jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ tú ẹrù náà, gbogbo agbo ilé ló pé lé wa lórí. Wọ́n rò pé aṣọ ni, tàbí wàrà ọmọ. Fóòmù ló kọ́kọ́ jáde, fóòmù tún jáde, búrọ́ọ̀ṣì wá tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà mú fóòmù kan, ó fà á títí, ó ní, "Kúbúrá, ṣé èyí ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyá lọ́hùn-ún?" Kò séèyàn tí kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú mi. O mọ̀ pé Ìyá Àgbà ni àgbà obìnrin tó kù nínú agbo ilé yìí, òun ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí mo bí ọ, mi ò lè dá a lóhùn. Fìlà tí mo rán l'Ọ́jà'ba ni mo fi rán ọ lọ sí yunifásítì láti kọ́ ìṣirò owó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ihò lo máa fi dí.

Èkejì, o ti gbàgbé bí a ṣe ń gbé nílé yìí. Ẹni tó bá tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, àìsàn ń ṣe é ni, tàbí ó ń dá ẹran jẹ. Bí mo bá dí ilẹ̀kùn mi pa, kí tó di àṣálẹ́ wọ́n á ti wá bẹ̀ mí pé ta ló ṣẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Èmi ni mo wẹ ọmọ èṣí yẹn, èmi ni mo gbé e lé àwọn ààfáà lọ́wọ́. Mi ò ní gbé òmíràn fún wọn. Nítorí náà màá ṣe é, kí ará ilé sọ ohun tó bá wù wọ́n. Mo ti bá Nojeem káfíńtà ti Ìdí Arẹrẹ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Lókè fèrèsé, lábẹ́ páànù, ihò kan wà tí bàbá rẹ ní kí àwọn bíríkìlà dá sí nígbà tó ń tún yàrá náà ṣe. Ṣé ká dí ìyẹn náà? Fún mi lésì kíákíá. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ lówùúrọ̀, Bushrah ò sì lè dìde mọ́ láì di ògiri mú.

Ìyá rẹ,
Kúbúrá

*

Aberdeen,
10 Oṣù Kejìlá, 2024

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín. Ó dùn mí pé ihò tí mò ń dí kò wú yín lórí, ṣùgbọ́n ihò yẹn náà ló san owó ilé ìwòsàn yín lọ́dún tó kọjá. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ dí ihò òkè náà. Ẹ kó àkísà sí i kó le dáadáa, kí Nojeem kan pákó bò ó. Bí ẹ bá dí gbogbo fèrèsé tí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí àwọn ará ilé bá bínú, kí wọ́n bínú sí èmi. Ẹ sọ pé ọmọ yín ló ni òfin náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ dẹ́rù bà yín. Bí a ṣe ń ṣe é látijọ́, ẹ̀yin náà mọ iye ọmọ tó ń kú.

Mo ń retí ìròyìn ayọ̀.

Misbaudeen

*

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn,
27 Oṣù Kejìlá, 2024

Misbau ọmọ mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì tó o fi ń bínú pé mo dákẹ́. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀ ni. Àbúrò rẹ ti bí obìnrin, a sì ti sọ ọ́ ní Karimat. Ààfáà ṣàdúà fún ọ, wọ́n pe orúkọ rẹ dáadáa. Bí o bá rí imú ọmọ náà, wàá mọ̀ pé ilé wa ló ti wá.

Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ títí ó rẹ̀ ẹ́, mo ṣe é. Nojeem fi odidi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ náà. Ó lẹ fóòmù, ó kan búrọ́ọ̀ṣì sídìí ilẹ̀kùn, ó fi àkísà àti pákó dí ihò òkè. Èmi náà tan àbẹ́là bí o ti wí, mo gbé e yí ká. Kò mì. Mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi ọwọ́ nu orí àpótí mi láràárọ̀, eruku kì í sí níbẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yìí le, àwọn ará ìta ń wúkọ́ kiri, ẹsẹ̀ mi gan-an ti là. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ yàrá yẹn, o ò ní mọ̀ pé ọyẹ́ wà láyé. Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí iṣẹ́ rẹ.

Ooru ibẹ̀ tún dára sí i torí Ìyá Àgbà ti ń gbé iná wá fún ìyá ọmọ, bó ti ṣe fún mi nígbà tí mo bí ọ. Inú àdògán kékeré ló ń kó ẹ̀yinná èédú sí, á gbé e sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tún iná gbé wá lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ní báyìí ẹ̀yinná díẹ̀ ti tó, torí ooru náà ò rí ibi jáde.

Orí ń fọ́ Bushrah, èébì sì ń gbé e, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbímọ ni. Karimat ní tirẹ̀ kì í yọ wá lẹ́nu. Oorun ni ṣáá. Láti àná, kò ké rárá. Ìyá Àgbà ní ọmọ oníwà tútù ni.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, bá mi wá òwú tí mo fi ń rán fìlà, aláwọ̀ aró.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Kúbúrá

*

Aberdeen,
27 Oṣù Kejìlá, 2024

Ìyá mi,

Ẹ gbé àdògán náà jáde kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n tú pákó yẹn kúrò lójú ihò òkè. Ẹ gbé Bushrah àti ọmọ síta. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ lù wọ́n, kó lù wọ́n. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni o, ẹ má ṣe àgbo kankan.

Èédú tó ń jó máa ń tú èéfín kan jáde tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ilé bá ní ihò, á bá ihò lọ. Bí kò bá ní, inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà nílé ló ń wọ̀. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, orí fífọ́, èébì àti oorun. Kì í ṣe ìwà tútù ló ń ṣe Karimat.

Mo ti pe Àǹtí Muslimat léraléra, fóònù wọn kò wọlé. Ti Bushrah kò wọlé, ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Sokoto. Mo ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí Emmanuel pé kó gun ọ̀kadà láti Òkè-Àdó, kó wá kà á sí yín létí. Ẹ jọ̀wọ́, kó bá yín láàyè.

Misbaudeen

*

Aberdeen,
28 Oṣù Kejìlá, 2024

Ìyá mi,

Emmanuel ní òun dé ilé lánàá, tí àwọn ọkùnrin ṣì wà nírun Jímọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá yín ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, àdògán sì dojú dé lójúde. Obìnrin kan tó ń fọṣọ ní wọ́n ti sáré gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Kò mọ èyí tí wọ́n lọ. Kò mọ ẹni tí wọ́n gbé. Emmanuel ti ń wá yín kiri láti àná.

N kò lọ síbi iṣẹ́. N kò lè jẹun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi, ibi yòówù kó jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú ni ẹ fi dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi nínú lẹ́tà.

Misbau

*

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn,
29 Oṣù Kejìlá, 2024

Misbau,

Wọ́n wà láyé, àwọn méjèèjì. Mo fi ìyẹn ṣáájú kóo lè jókòó.

Kò pẹ́ tí Muslimat fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí ọ tí tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàù, iná lọ, fóònù wọn kú. Mi ò rí lẹ́tà rẹ títí di òní. Ohun tó gbà wá ni pé lẹ́yìn tí mo kọ̀wé tán, mo jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà ò ké láti àná. Nígbà tí mo ń fi ẹnu sọ ọ́, ó dà bí ìyìn. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé tán, ẹ̀rù bà mí. Mo ti bímọ, mo ti wẹ ọmọ gbogbo ìyàwó ilé yìí, mi ò rí ọmọ tuntun tí kì í ké rí.

Mo wọlé, mo ta ìka sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ṣe bí ẹni pé ó mọ̀. Mo pe Bushrah, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tó mutí. Mo gbé ọmọ síta, mo figbe ta. Àwọn obìnrin ilé wọ́ Bushrah jáde láti orí ibùsùn, wọ́n gbé àdògán náà síta, wọ́n fẹsẹ̀ gbá a dà nù. Ààbọ̀ ilé ló bá wa lọ sílé ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tí Emmanuel ò fi bá ẹnì kankan.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́ bi mí pé kí ló ń jó nínú yàrá. Mo ní iná ìyá ọmọ ni. Ó ní, "Mà, ibo ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde?" Misbau, mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n kan pákó bo ibẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ fún àwọn méjèèjì ní afẹ́fẹ́. Bushrah ti jókòó, ó ti mu ògì. Karimat ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ, wọn ò tíì sọ fún wa bóyá ó máa pẹ́ níbẹ̀. Ó ké díẹ̀ lánàá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, mo bá a ké.

Inú ń bí mi sí ọ, mi ò ní parọ́. Mo bi ọ́ léèrè ihò yẹn, ojú ẹsẹ̀ lo dáhùn. Inú ń bí mi sí ara mi náà. Yàrá tí iná wà ni mo ti gbé ọ jáde, mo rò pé o ṣì mọ̀ pé a máa ń gbé iná fún ìyá ọmọ. Má fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò wá, ìyẹn kọ́ ló kàn. Kọ ohun tó yẹ ká ṣe ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, rò ó dáadáa kí o tó kọ ọ́.

Kúbúrá

*

Aberdeen,
30 Oṣù Kejìlá, 2024

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló tọ́ sí mi. Níbi iṣẹ́ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi onílé ni pé kí ló ń jó nínú ilé yìí. Bí nǹkan bá ń jó, a kì í dí ibì kan àfi bí a bá dá ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Mò ń bi àjèjì léèrè láràárọ̀. N kò bi ìyá mi. Mo rántí fèrèsé, mo rántí òkè Mápó, n kò rántí àdògán. Ó ń dùn mí débi pé n kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́.

Mo ti rò ó, mo sì ti bi ọ̀gá mi kí n tó kọ èyí. Fóòmù etí fèrèsé lè wà níbẹ̀ nítorí eruku. Búrọ́ọ̀ṣì ìdí ilẹ̀kùn lè wà. Ihò òkè gbọ́dọ̀ ṣí, tọ̀sán tòru, títí ayé. Iná kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá tí èèyàn ń sùn mọ́, bó ti wù kó kéré mọ, kódà bí ihò bá ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ mú ibùsùn gbóná, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike tó le, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ọmọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ló kù, àti pé ẹ kò bá wọn jiyàn rí láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé ọkọ. Bí ẹ bá ní kí n pè wọ́n, màá pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé.

Ọmọ yín,
Misbaudeen

*

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn,
11 Oṣù Kìíní, 2025

Misbau ọmọ mi,

Karimat ti wálé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó bà jẹ́ lára rẹ̀, ká kàn máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ó ń ké tọ̀sántòru báyìí. Bushrah ní etí ń dun òun, mo ní kó fi etí náà sílẹ̀ kó máa dùn ún. Bí mo ṣe ń bínú sí ọ ti rọlẹ̀. O jẹ̀bi, èmi náà jẹ̀bi, ọmọ sì wà láàyè.

Nojeem ti tú pákó ihò òkè. Mo sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá tún rán an pé kó dí i, àfi kó gba orí mi kọjá.

Lọ́jọ́ tí a dé láti ilé ìwòsàn, bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn, Ìyá Àgbà ti ń gbé iná bọ̀. Mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kúbúrá, yà fún mi." Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ẹnu ọ̀nà náà ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Iná ò ní wọlé mọ́." Ó bi mí bóyá òun kọ́ ló gbé iná fún mi nígbà tí mo bí ìwọ àti Bushrah. Mo ní ẹ̀yin ni. Ó ní ṣé mo kú? Mo ní mi ò kú. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé mo ya aláfojúdi, pé ìwé tí ọmọ ń kọ láti ìlú òyìnbó ti gùn mí. Orúnkún ń ro mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò dìde. Mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé àdògán náà kalẹ̀ lójúde, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Lónìí ló tó wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń rán fìlà. Ó wo ọwọ́ mi títí. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè nǹkan kan, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. Ó ní, "Kúbúrá, àwọn ìbejì mi. Nínú ọyẹ́ ni. Yàrá tí mo wà nígbà náà ò ní fèrèsé, mo sì ní kí wọ́n gbé iná sí i dáadáa, torí méjì ni wọ́n. Wọn ò ké. Ṣé òtútù ló pa wọ́n?"

Misbau, obìnrin yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ó bí ìbejì. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Òtútù ni, Ìyá."

Ó ní kí n gbé Karimat fún òun. Mo gbé e fún un. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó ní òun fẹ́ kí Muslimat bá òun pè ọ́ lọ́la, pé ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà. Bó bá bi ọ́, òtútù ni.

Ìyá rẹ,
Kúbúrá